Ẹ̀yin Olùgbọ́ Wa

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
Nọ́ọ̀sì Mẹ́dùpìn á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ síta,
á kọjú rédíò sí òkè àpáta,
á fi wáyà tí a fi ń sá aṣọ
gùn ún lórí, níbi tí eríálì ti kán.
Bátìrì olórí ẹkùn mẹ́rin ló ń rà lọ́wọ́ mi lóṣù.
Ní gbogbo Ẹ̀gbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mi nìkan ló ṣì ń tà á.
Wọ́n ní, ta ló kù tó ń lo bátìrì?
Mo ní, ẹnì kan.

Ibi tí ohùn náà ti ń wá jìnnà.
Bí òjò bá ṣú lápá Ìlọrin
á máa bọ̀ bí ẹni ń rìn nínú ẹrẹ̀,
ẹsẹ̀ kan, ìdákẹ́,
ẹsẹ̀ kan.
Àwọn tó yí i ká ń pariwo tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù,
wọ́n ń polówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí,
pásítọ̀ kan ń lé ẹ̀mí òṣì jáde láìsinmi.
Mama á fi àtàǹpàkò yí i díẹ̀, díẹ̀ sí i,
bí ẹni ń wá iṣan lápá ọmọ tuntun.
Ó rí i.

Gòjé ńlá ni. Gòjé àwọn òyìnbó,
tó ń sunkún nígbà tí kò sẹ́ni tó kú,
kí dùùrù tó dá a lóhùn bí omi tó ń kán sínú ìkòkò.
Kí n má purọ́, oorun ló kọ́kọ́ ń kùn mí.
Ó ní oorun kun òun náà rí.
Dókítà kan ló máa ń tan án ní yàrá iṣẹ́ abẹ
títí wọ́n á fi rán ikùn aláìsàn tán.
"Ọwọ́ mi kì í gbọ̀n bí ó bá ń dún."
Ó wo ọwọ́ ọ̀hún.
Èmi wo ibòmíràn.

Nígbà kan, létà ni wọ́n fi ń tọrọ orin.
Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á máa pe orúkọ, bí tíṣà tó mú rẹ́jísítà lọ́wọ́:
Owónubí, tíṣà ní Mọ̀pà.
Jẹ́mìrìn, télọ̀ ní Ìyàrà,
tó ní ẹ̀rọ ìránṣọ òun a máa bá orin náà rìn.
Kátíkíìsì Olóbàtúyì àti ìyàwó rẹ̀ ní Kàbà,
tí ẹnu wọn ò kò lórí orin kan ṣoṣo,
tí wọ́n fi ń kọ létà méjì.
Mama ò fojú kan ìkankan nínú wọn rí,
ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí kálukú fẹ́
bí ó ti mọ iyọ̀ ọbẹ̀ rẹ̀.
Nígbà tí Owónubí kú, inú rédíò ló ti gbọ́.
Wọn ò túfọ̀ o. Wọn ò kàn pe orúkọ rẹ̀ mọ́.
Lọ́dún kejì, Jẹ́mìrìn.
Létà Kàbà di ẹyọ kan.

Nísinsìnyí, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ò pe ẹnikẹ́ni.
"Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ kú ìkàlẹ̀."
Mo bi í, "Mama, àwọn wo ni ẹ̀yin?
Ṣé èrò pọ̀ ni, àbí ẹnì kan ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún?"
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
"Bó bá jẹ́ èmi nìkan ni,
a jẹ́ pé wọ́n kọ́ ọmọ náà nílé."
Ó sì dá rédíò lóhùn: "Okun o."

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì
ní wọ́ọ̀dù tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣọ́ fún ọgbọ̀n ọdún.
Wọn ò jẹ́ kí rédíò wọlé.
Èmi ni mo gbé àpótí síta.
Èmi ni mo so wáyà.
Ìyà iṣan yẹn jẹ mí kí n tó rí i.
"Ẹ̀yin olùgbọ́ wa..."
Kò sẹ́ni tó pe èmi ní ẹ̀yin rí.
Mo wo ẹ̀yìn mi.
Mo gbá àpótí mọ́ra, mo ní, "Okun o,"
lẹ́yìn náà, torí àwọn ará Kàbà,
mo tún un wí.